Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ẹ̀ńjìnnì Àgbà Tó Ń Lọ Ata

Kò sí ilé tí wọn kì í ti í jẹ ata ní Ìbàdàn. Láyé àtijọ́, ọlọ ni àwọn ìyá wa fi ń lọ ata, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà àkàrà. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Bí a bá ń rìn ní Ring Road láti Challenge lọ sí ọ̀nà ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, tí a sì yà sí àwọn àdúgbò tó sún mọ́ ọn, bí Òkè-Àdó, Mọ́létè tàbí Òkè-Bọ́lá, a kì í rìn jìnnà kí a tó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn kan ń fi iná mànàmáná yí ẹ̀rọ wọn. Àwọn mìíràn ń lo ẹ̀ńjìnnì tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí iná bá lọ, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni gbogbo ènìyàn ń gbé abọ́ ata wọn lọ.

Irú ẹ̀ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè ju ẹni tó ń tan án lọ ní ọjọ́ orí. Kì í ṣe ogbó ló sábà ń pa á, àìtọ́jú ni. Nígbà tó bá sì kú, kì í ṣe irin nìkan ló dúró. Owó ilé-ìwé ọmọ dúró, owó oúnjẹ dúró, owó àjọ náà dúró. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀ńjìnnì àgbà, àti bí a ṣe ń mọ ohun tó ń ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá.

1. Ibi tí ẹ̀ńjìnnì yìí ti wá

Rudolf Diesel, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀ńjìnnì tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Ọdún 1858 ni wọ́n bí i. Ní ọdún 1897, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa lójú àwọn tó wá wò ó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Dursley, Robert Ashton Lister ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti ọdún 1867. Ní nǹkan bí ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ Lister yìí gbé ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan jáde tí wọ́n ń pè ní CS. Wọ́n ṣe é títí di ọdún 1987. Àwọn ará Íńdíà náà ń ṣe irú rẹ̀, pàápàá ní ìlú Rajkot.

Èyí tí wọ́n ń pè ní 6/1 ní agbára ẹṣin 6, sìlíńdà rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ 1. Ní ìṣẹ́jú kan, ó ń yí ní ìgbà 650. Ẹ fi wé ẹ̀ńjìnnì mọ́tò, tó lè yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ ò rí i pé ẹ̀ńjìnnì àgbà kì í kánjú. Ìdí kan tó fi ń pẹ́ láyé nìyẹn.

Wọ́n ń fi irú ẹ̀ńjìnnì yìí fa omi, wọ́n ń fi ṣe iná, wọ́n sì ń fi lọ àgbàdo. Lister ṣe ẹ̀ńjìnnì tí a ń gbé sínú ikùn ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tó ní ọkọ̀ lórí ọ̀sà Èkó tàbí ní Ẹ̀pẹ́ yóò rí ohun kan mú nínú ẹ̀kọ́ yìí.

2. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ ti fi pọ́ǹpù fún táyà kẹ̀kẹ́ ní afẹ́fẹ́ rí. Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé ìdí pọ́ǹpù a máa gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a bá tẹ̀ pọ̀ a máa gbóná ni. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ gidigidi, yóò gbóná dé ibi tí epo yóò fi gbaná fúnra rẹ̀. Báyìí ni ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń ṣe. Kò nílò pílọ́ọ̀gì tó ń tanná.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni písítìnì ń ṣe, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ó ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀. Epo wọlé, ó gbaná, ó sì ti písítìnì sísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, písítìnì gòkè, ó lé èéfín jáde. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Láti inú èyí, a mọ̀ pé nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀ńjìnnì ń bèèrè kó tó lè tàn: afẹ́fẹ́ tó mọ́, epo tó mọ́, àti agbára láti tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú wọn, kò ní tàn. Nǹkan méjì sì ni ó ń bèèrè kó tó lè pẹ́: omi àti ọ́ìlì.

3. Omi

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjìnnì ìlọta ló ní àgbá omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Páìpù méjì ló so àgbá mọ́ ẹ̀ńjìnnì. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń gbé omi tútù wọ ẹ̀ńjìnnì. Èyí tó wà lókè ń dá omi gbígbóná padà sínú àgbá. Nínú irú èyí, kò sí pọ́ǹpù kankan níbẹ̀. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, nítorí náà ó ń gòkè fúnra rẹ̀, omi tútù a sì máa wọlé rọ́pò rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá kan àti ọmọṣẹ́ rẹ̀:

Ọmọṣẹ́: Ọ̀gá, omi ṣì wà nínú àgbá o. Ó tó ìdajì.
Ọ̀gá: Ìdajì kò tó. Níbo ni ẹnu páìpù òkè wà?
Ọmọṣẹ́: Ó yọ sókè omi, sà.
Ọ̀gá: Ó dáa. Ọ̀nà wo wáá ni omi gbígbóná fẹ́ gbà padà? 
Ọmọṣẹ́: Háà! Kò sí ọ̀nà, sà.
Ọ̀gá: Lọ pọn omi sí i kí a tó tan nǹkan kan.

Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Bí omi àgbá bá lọ sísàlẹ̀ ju ẹnu páìpù òkè, ìrìn omi dúró. Àgbá lè ní omi púpọ̀ síbẹ̀ kí ẹ̀ńjìnnì máa jóná. Láràárọ̀, ẹ rí i pé omi bo ẹnu páìpù òkè dáadáa.

Ẹ máa lo omi tó mọ́. Omi ẹlẹ́rẹ̀ ń fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀ńjìnnì, ẹrẹ̀ náà a sì dí ọ̀nà omi. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ da omi àgbá nù, kí ẹ fọ inú rẹ̀.

Bí ẹ̀ńjìnnì bá ti gbóná jù, ẹ má ṣe da omi tútù sí i lára. Irin gbígbóná tí omi tútù bá já lù lójijì lè là. Ẹ gbé iṣẹ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ìdí rẹ̀.

Ti ọkọ̀ ojú omi yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, pọ́ǹpù ló ń fa omi ọ̀sà wọlé láti mú ẹ̀ńjìnnì tutù, omi náà a sì tún tú jáde síta. Ewéko tàbí ọ̀rá lè dí ẹnu páìpù. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá ti tan ẹ̀ńjìnnì, kó wo bóyá omi ń jáde. Bí kò bá jáde, kó pa á kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Ẹ̀ńjìnnì ata tó bá kú, ẹsẹ̀ la ó fi rìn lọ sílé. Èyí tó bá kú láàárín ọ̀sà ńkọ́?

4. Ọ́ìlì

Irin méjì tó ń ra ara wọn láìsí ọ́ìlì yóò jẹ ara wọn run. Nínú 6/1, irin kékeré kan bí ṣíbí wà nídìí ọ̀pá písítìnì. Ó ń bọ inú ọ́ìlì, ó sì ń fọ́n ọ́ìlì ká. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ tí ṣíbí náà kò kàn án mọ́, ìparun dé nìyẹn.

Ẹ wo ọ́ìlì láràárọ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀ńjìnnì. Ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó, kí ẹ sì wo bó ṣe rí.

Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ̀ńjìnnì lè ti bàjẹ́, tàbí kí irin ti là. Ẹ má tan án.

Bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹ bu kún un, tó sì ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì, epo ń jò sínú rẹ̀. Ẹ má tan án.

Ọ́ìlì tó dúdú nìkan kì í ṣe àìsàn. Ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì a máa tètè dúdú. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pẹ́ jù nínú ẹ̀ńjìnnì. Bí ìwé ẹ̀ńjìnnì bá wà lọ́wọ́ yín, iye wákàtí tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí kò bá sí, ó sàn kí a tètè pààrọ̀ ọ́ìlì ju kí a pẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi wákàtí 100 ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 5 lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni wákàtí 100 yóò pé.

Àwọn kan ń da ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú kúrò lára mọ́tò sínú ẹ̀ńjìnnì wọn, wọ́n ní owó kò sí. Ìdọ̀tí irin ti wà nínú rẹ̀. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ lára ọ́ìlì, ìlọ́po rẹ̀ la ó fi ra bíáríìnì.

5. Epo, àti afẹ́fẹ́ tó wọ inú páìpù

Omi àti ìdọ̀tí ni ọ̀tá epo. Ẹ jẹ́ kí epo tí ẹ bá rà sinmi di ọjọ́ kejì nínú kẹ́ẹ̀gì, omi yóò sì lọ sísàlẹ̀. Ẹ rọra da ti òkè sínú tánkì, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má da ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí tánkì gbẹ pátápátá.

Bí tánkì bá gbẹ, tàbí tí ẹ bá tú fíltà, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú páìpù epo. Nígbà náà, bí ẹ tilẹ̀ yí ẹ̀ńjìnnì títí di alẹ́, kò ní tàn. Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

Èkíní: ẹ da epo kún tánkì, kí ẹ ṣí ẹnu rẹ̀.
Èkejì: ẹ tú ìdè kékeré tó wà lórí fíltà díẹ̀. Epo yóò máa hó bí ọṣẹ. Nígbà tí ìhó bá tán tí epo nìkan ń jáde, ẹ dè é padà.
Ẹ̀kẹta: ẹ ṣe bákan náà níbi pọ́ǹpù epo.
Ẹ̀kẹrin: ẹ tú nọ́ọ̀tì páìpù tó wọ nọ́súlù díẹ̀, kí ẹ yí ẹ̀ńjìnnì pẹ̀lú ọwọ́ títí epo yóò fi jáde láìsí ìhó. Ẹ dè é padà.

Ẹ kíyè sí èyí gidigidi: bí ẹnikẹ́ni bá yọ nọ́súlù síta láti dán an wò, kó má ṣe gbé ọwọ́ síwájú rẹ̀. Epo tó ń ti ibẹ̀ jáde lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ náà lè dà bí ojú abẹ́rẹ́, kó má sì dùn ún púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lè sọ ènìyàn di aláìlọ́wọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró fi epo pa á.

6. Èéfín ń sọ̀rọ̀

Dókítà a máa wo ojú àti ahọ́n aláìsàn. Ẹlẹ́ńjìnnì a máa wo ẹnu sàlẹ́ńsà.

Èéfín dúdú: iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹ̀ńjìnnì, tàbí afẹ́fẹ́ kò tó. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọlọ irin bóyá a ti dè é le jù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo asẹ́ afẹ́fẹ́ bóyá eruku ti dí i. Bí méjèèjì bá dára, ó lè jẹ́ pé nọ́súlù kò fọ́n epo dáadáa mọ́.

Èéfín tó dà bí aró: ẹ̀ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì pọ̀ jù nínú rẹ̀, tàbí kí ríìngì písítìnì ti jẹ.

Èéfín funfun: bí ó bá jẹ́ láàárọ̀ kùtù fún ìgbà díẹ̀, kò burú, ẹ̀ńjìnnì ṣì tutù ni. Bí kò bá lọ, epo kan ń jáde láìjóná, tàbí kí omi máa wọ inú sìlíńdà.

Etí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì lójoojúmọ́ mọ ohùn rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ tí kò gbọ́ lánàá, kó pa á. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bíáríìnì tí a pààrọ̀ lónìí, owó díẹ̀ ni. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí yóò fi jẹ irin ńlá tó ń yí, ẹ̀ńjìnnì di àlòkù irin.

7. Bí kò bá fẹ́ tàn

Ẹ má ṣe bínú sí i, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí tú gbogbo rẹ̀. Ẹ bèèrè lẹ́sẹẹsẹ:

Ṣé epo wà? Ṣé ẹnu epo ṣí? Ṣé afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù? Ṣé fíltà ti dí? Ṣé omi wọ epo?

Bí epo bá dára, ẹ rọra fi ọwọ́ yí ẹ̀ńjìnnì láìgbé fáàfù sókè. Ó yẹ kó le ní ibì kan, kó sì fẹ́ ta yín padà bí ìgbà tí a tẹ rọ́bà. Bí ó bá ń yí wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, kò lágbára láti tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́. Fáàfù kò pa ẹnu dé dáadáa, tàbí ríìngì ti jẹ. Ọwọ́ mẹkáníìkì nìyẹn.

Bí ẹ bá ń lọ ra nǹkan ní ọjà Araròmi ní Gate, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání. Ti Lister àti ti Íńdíà jọra, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá ara wọn mu. Ẹ gbé wọn lé ara wọn, kí ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ tó sanwó.

8. Ohun tó lè pa ènìyàn

Bẹ́líìtì kì í mọ ẹni tó ni í. Ìborùn, ìró, agbádá, tàbí irun gígùn tó bá kàn án, yóò fà á wọlé pẹ̀lú ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹ fi igi tàbí irin bo bẹ́líìtì àti kẹ̀kẹ́ irin ńlá. Kí àwọn oníbàárà dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Kí ọmọdé má ṣe ṣeré níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń fi irin yí ẹ̀ńjìnnì, kí àtàǹpàkò wà lápá kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù. Ẹ má fi di irin náà ká. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ta padà, irin yóò bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó fi àtàǹpàkò dì í lè kán lọ́wọ́.

Bí ẹ̀ńjìnnì bá ń sáré kọjá ààlà, tí kò gbọ́ràn, ẹ pa epo. Bí kò bá dúró, ọ́ìlì ara rẹ̀ ló ń jó. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ dí ẹnu afẹ́fẹ́ rẹ̀ pa. Ẹ má fi ọwọ́ dí i, ẹ má sì fi aṣọ. Bí ẹ kò bá lè dé ibẹ̀ láìséwu, ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde.

Èéfín ẹ̀ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó ń pa ènìyàn láti ojú oorun. Kí páìpù sàlẹ́ńsà yọ síta, jìnnà sí fèrèsé. Ẹ má tan ẹ̀ńjìnnì nínú yàrá tí a tì. Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń mu bẹntiróòlù tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbé e sínú ilé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ti wù kí òjò pọ̀ tó.

9. Ìwé ẹ̀ńjìnnì

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ibí yìí ni ìwé ti ń di owó. Ẹ ra ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù, kí ẹ so ó kọ́ sí ara ògiri ní ìsọ̀. Lálaalẹ́, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta: ọjọ́, iye wákàtí tí ẹ̀ńjìnnì ṣiṣẹ́, àti ohun tí ẹ ṣe tàbí tí ẹ rí. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

Mọ́ńdè: wákàtí 5. A bu omi kún àgbá.
Túsìdeé: wákàtí 6. Èéfín dúdú díẹ̀. A nu asẹ́ afẹ́fẹ́, ó lọ.
Wẹ́sìdeé: wákàtí 5. Bẹ́líìtì dẹ̀. A fà á le.
Àpapọ̀: wákàtí 16. Ó ku wákàtí 84 kí a tó pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ yóò máa wí pé, "Ó jọ pé oṣù tó kọjá ni a pààrọ̀ ọ́ìlì." Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ dájú. Bí mẹkáníìkì bá sì dé, ìwé yìí yóò sọ ìtàn àìsàn náà fún un, yóò sì dín owó iṣẹ́ àti àkókò kù.

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ni nǹkan mẹ́ta tí ẹ̀ńjìnnì ń bèèrè kó tó lè tàn?
2. Kí ló dé tí àgbá omi tó kún dé ìdajì lè má tó?
3. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, kí ni kí a ṣe?
4. Èéfín dúdú ń jáde. Kí ni kí a kọ́kọ́ wò?
5. Ẹ̀ńjìnnì kan ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 4 lójúmọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ mélòó ni wákàtí 100 yóò pé?
6. Ẹ lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́rọ kan ní àdúgbò yín. Ẹ wò ó bóyá bẹ́líìtì rẹ̀ ní ìbòrí, àti ibi tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí ní ìlà márùn-ún, kí ẹ sì kà á fún ẹlẹ́rọ náà.